Àwo Kẹta tí Simbiat Gbé Jáde

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni. Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́.

Simbiat ká ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yí ọwọ́ padà, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ìdérí àpótí irin náà, jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń wo ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn fi í síbẹ̀. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ fẹ́lẹ́, ó máa ń gbọ́ ohun tí àtẹ́lẹwọ́ kò lè gbọ́. Ó dá èémí dúró. Ó kà á dé ogún nínú ara rẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì kan wà lábẹ́ irin náà, tín-ín-rín, tó dọ́gba, bí ikùn ológbò tó ń sùn. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ṣé ó jí dáadáa?" Ajaratou ló béèrè, ọmọbìnrin Wolof tó ń tẹ lẹ́tà fún máníjà, tó máa ń yọjú wọlé láràárọ̀ nítorí pé yàrá yẹn nìkan ni ẹ̀rọ amúlétutù wà.

"Ó jí dáadáa."

"Kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà yìí! Ẹ óò kí ẹ̀rọ kí ẹ tó kí èèyàn. Lọ́jọ́ kan, mà á bá ẹ níbí tí o kúnlẹ̀ fún un."

Simbiat rẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kìíní ọdún 1978. Banjul. Ọyẹ́ ti mú, eruku láti aṣálẹ̀ ti bo ojú odò débi pé ẹni tó dúró ní èbúté kò rí òdì kejì.

Wàsíù, bàbá Simbiat, kò mọ bó ṣe lè kọ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ sínú lẹ́tà sí Ọ̀ffà. "Ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà," ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Iṣẹ́ Simbiat gan-an ni pé kí ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ má kú.

Ilé-iṣẹ́ tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ni. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà kan ní ọdún 1975, wọ́n gbé e sí yàrá òkè lórí ilé ìkẹ́rùsí. Àpótí méjì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, èyí tí ń ka àwo. Àwo irin pẹlẹbẹ mẹ́fà lórí igi kan, aláwọ̀ ilẹ̀ pupa, tó ń yí bí ìjì. Àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké ń rìn lórí wọn bí abẹ́rẹ́ giramafóònù, àfi pé ti ibí yìí kì í fara kan àwo rárá. Àlàfo tó wà láàárín wọn kéré ju irun orí lọ. Èérún eruku kan ṣoṣo ti pọ̀ jù.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀dà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan Simbiat máa ń da ohun gbogbo tó wà lórí àwo inú ẹ̀rọ kọ sórí àwo mìíràn. Ìṣù àwo mẹ́ta ni wọ́n ní, àwo mẹ́fà-mẹ́fà lórí igi kọ̀ọ̀kan. Ẹnjiníà láti Dakar tó wá kọ́ wọn sọ orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè wọ́n níbi gbogbo: èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni Ọmọ, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá, èyí tó ṣáájú ìyẹn ni Bàbá-àgbà. Ọmọ àti Bàbá ń gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá náà. Bàbá-àgbà kì í bá wọn gbé. Inú páànù ló ń gbé, tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ ní ẹnu, ní ilé ìkẹ́rùsí kékeré tí ilé-iṣẹ́ háyà ní àdúgbò Portuguese Town. Bí iná bá jó èbúté, bí odò bá kún, nǹkan kan á ṣẹ́kù. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà lọ́rùn Simbiat.

Ohun tó wà lórí àwo kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Orúkọ àwọn aláàárù èbúté ni, irinwó ó lé méjìlá. Ọjọ́ tí oníkálùkù wọṣẹ́. Ẹni tí ẹrù já lù, àti ibi tó já lù ú. Orí káàdì ni gbogbo rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni Simbiat fi tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, wọ́n kó káàdì jáde sẹ́yìn ilé, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Kí ni a tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Ọ̀gbẹ́ni Dúrójayé ló ní kí wọ́n sun wọ́n.

Ará Abẹ́òkúta ni Dúrójayé, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, olùkọ́ àtijọ́, Kìrìsìtẹ́nì tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti wà ní ìlú yìí láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Bathurst. Kò sí ọmọ Yorùbá tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté tí kò mọ ilé rẹ̀. Òun ló fi Simbiat sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, òun ló fà á lọ́wọ́ wọ ilé-iṣẹ́, òun náà sì ni ọ̀gá rẹ̀. Láràárọ̀ ni Simbiat ń kúnlẹ̀ kí i lójú gbogbo èèyàn. Kò tì í lójú.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ṣáájú Dúrójayé ṣe wọ́n lóore. Ní ọdún 1969, ìjọba Ghana ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé máa lọ. Wàsíù ti ta aṣọ ní Kumasi fún ọdún mọ́kàndínlógún. Kò níwèé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi já wọn sí Banjul, òjò ń rọ̀, ìdì ẹrù márùn-ún ló ṣẹ́kù fún wọn láyé. Aláàárù kan gbé méjì lórí, ó ní kí wọ́n tẹ̀lé òun. Ebrima Sanneh. Kò gbé wọn lọ sí ilé ìtura kankan. Agboolé tí òun fúnra rẹ̀ háyà ní Portuguese Town ló gbé wọn lọ, ọdún méjì ni wọ́n sì gbé níbẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ èyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀pà kò ṣe dáadáa lọ́dún náà. Ọkọ̀ kò wá tó bó ṣe yẹ. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ dá ọgọ́fà aláàárù dúró, wọ́n sì ti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò lọ: ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ọdún iṣẹ́ nìkan ni ìdájọ́. Máníjà ní kí ìwé orúkọ wà lórí tábìlì òun kí aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀ tó lù.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, àpótí òsì han.

Ohùn kan. Bí èékánná lórí igbá. Ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ga sí i. Simbiat ti tẹ bọ́tìnnì kó tó mọ̀ pé òun dìde. Nígbà tó ṣí ìdérí, òórùn nǹkan tó jóná bù ú nímú. Ilà funfun kan ti yí àwo tó wà lókè po, ó ń dán, bí ibi tí ọ̀bẹ ti họ ìdí ìkòkò. Ọmọ ti kú.

Àpótí ọ̀tún ti dákẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Àpótí òsì yìí nìkan ló kù fún wọn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró," Simbiat sọ fún Dúrójayé. "Ẹnjiníà sọ ọ́ fún wa. Àpótí tó bá ti han, ẹ má fi nǹkan mìíràn sí i lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ tó ti ṣẹ́ á máa ha gbogbo àwo tó bá bá pàdé."

"Lọ pè é ní Dakar."

Ó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó tò fún wákàtí méjì kí wọ́n tó so ó pọ̀ mọ́ Dakar. Ohùn ẹnjiníà ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun lè dé. Ó sọ ọ́ ní Wolof, ó tún un sọ: má fi nǹkan kan sí i.

Nígbà tó padà dé, àwo tí wọ́n ń pè ní Bàbá wà lórí tábìlì, láìní ìdérí; Dúrójayé ti fi í sínú àpótí kó tó dé. Ilà funfun kan náà yí i po.

Dúrójayé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti bọ́ kóòtù. Òógùn ti rin kọ́là rẹ̀ nínú yàrá tó tutù bí omi kànga.

"Jókòó," ó ní. "Mo ti rò ó. Àwo ló níṣòro, kì í ṣe àpótí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún kò sì pa dé. Wò ó." Ó fi ìka nu inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi hàn án. Eruku ọyẹ́. Pupa. "Àwọn ló gbé eruku wọnú àpótí. Ti Portuguese Town wà nínú páànù. Mímọ́ ni."

"Sà, ó ní ká má fi nǹkan kan sí i."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnjiníà."

"Ṣé ẹnjiníà ló mú ẹ wọ ibí?"

Simbiat wolẹ̀.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Rárá, sà."

Dúrójayé rọ ohùn. "Gbọ́, ọmọ mi. Bí ìwé kò bá dé ọ̀dọ̀ máníjà lọ́la, ṣé o mọ ẹni tí yóò kọ ọ́? Àwọn fóòmàn. Ẹni tó bá fún wọn lẹ́ran nígbà ọdún iléyá á dúró, ẹni tó bá ti bá wọn jà á lọ. Ìdí tí mo fi ń ṣe é nìyẹn. Nítorí àwọn èèyàn yẹn ni. Àárọ̀ ọ̀la, lọ gbé e wá."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ì bá rọrùn láti kọ̀ fún un.

Jímọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀. Simbiat ṣí ilé ìkẹ́rùsí ní Portuguese Town, ó sì dúró níwájú páànù náà fún ìgbà pípẹ́. Ó lè sọ pé kọ́kọ́rọ́ sọnù. Ó rò ó. Ó rò ó dáadáa, títí dé irọ́ tí yóò pa àti ibi tí yóò ní ó já bọ́ sí. Lẹ́yìn náà ó fi gèlè rẹ̀ di páànù náà, ó gbé e.

Ebrima wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé rẹ̀, ó ń fọ eyín pẹ̀lú igi pákò, ó ń dúró de iṣẹ́ ọ̀sán. Èjìká òsì rẹ̀ wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1961. Simbiat ló tẹ ìyẹn náà sínú ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi," ó ní ní Wolof. "Ẹrù wo lo gbé yẹn, tí o kò pe aláàárù? Ṣé o fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni?"

"Ìṣù àwo ni, bàbá. Ti ibi iṣẹ́."

"Áà. Èyí tí orúkọ wa wà nínú rẹ̀?"

"Òun ni."

"Èmi náà wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀."

"Ọdún mélòó?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Ebrima tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na èjìká tó dára. "Àgbà ni mí, nígbà náà. Ọgọ́fà á lọ, èmi kò ní sí níbẹ̀. Rọra gbé mi o. Má jẹ́ kí n já bọ́."

Ó gba àárín ọjà Albert kọjá. Ó lè gba etí òkun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yà sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀, láàárín àwọn alágbàrù àti àwọn tó ń pe oníbàárà ní èdè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wàsíù ń ká aṣọ. Simbiat gbé páànù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì rò fún un ní kúkúrú. Àpótí tó han. Àwo méjì tó kú. Ohun tí ẹnjiníà sọ. Ohun tí Dúrójayé ní kó ṣe.

Wàsíù ń ká aṣọ lọ.

"Ṣé ìwọ lo ni ẹ̀rọ náà?"

"Rárá, bàbá."

"Ṣé àṣìṣe kò lè wà nínú ohun tí ará Dakar yẹn sọ lórí tẹlifóònù?"

"Ó lè wà."

"Bí o bá wá kọ̀ fún ọ̀gá rẹ, tó wá jẹ́ pé òun ló tọ̀nà ńkọ́? Kí la ó sọ fún un? Ọkùnrin tó fà ẹ́ lọ́wọ́. Àlejò ni wá níbí, Simbiat. Ẹni mélòó ló mọ orúkọ wa? Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí àlejò lọ, ọ̀dọ̀ ta ni a ó sá lọ bí kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Ọ̀dọ̀ bàbá Ebrima la kọ́kọ́ sá lọ."

Ọwọ́ Wàsíù dúró lórí aṣọ. Ó mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ. Ó wo páànù náà, ó wo ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

"Ọ̀gá rẹ mọ ohun tó ń ṣe," ó ní. "Dìde. Má jẹ́ kó máa dúró dè ẹ́."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Aago mẹ́wàá kọjá. Dúrójayé ti nu inú àpótí fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọtí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ àti òwú, débi pé irin ń dán. Ó ti ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ wà lókè lọ́hùn-ún, nínú òkùnkùn, níbi tí òwú kò lè dé.

Simbiat tú gèlè. Ó bó téèpù. Bàbá-àgbà mọ́ bí àwo tí a kò tíì jẹun nínú rẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Kò sí òmíràn mọ́."

"Mo mọ̀ pé kò sí. Dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ máníjà. Títí di Ìṣẹ́gun péré."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. O rò pé n kò bẹ̀ ẹ́? Dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá wa ṣe é. Ìwọ fi í sí i. Ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ju tèmi lọ."

Ajaratou dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ yẹn kò fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

Simbiat sọ àwo kalẹ̀ sínú àpótí. Ó yí ọwọ́ àwo náà títí ó fi dún. Ó pa ìdérí dé. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìṣẹ́jú kan. Kò sí ohùn kankan àfi ti afẹ́fẹ́. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Dúrójayé sọ pé "Jésù, o ṣeun," ó sì tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jí, ó ń dún ta-ta-ta, bébà ń jáde: Badjie. Badjie. Bah. Baldeh. Lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ọjọ́ tí oníkálùkù wọṣẹ́. Simbiat ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé òun gan-an ló ṣì í.

Orúkọ mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà, èékánná lórí igbá.

Dúrójayé kò dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, bí ọmọdé, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ohùn náà ti dákẹ́.

Nínú ìwé tó kọ sí máníjà, ó ní eruku ọyẹ́ ló fà á. Kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún òun. Simbiat ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé náà lọ fún Ajaratou láti tẹ̀. Ajaratou kà á tán, ó gbé ojú sókè.

"O kò ní sọ nǹkan kan?"

"Ọ̀gá mi ni."

"Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ ni. Mo ní ṣé o kò ní sọ nǹkan kan?"

Simbiat padà sí yàrá ẹ̀rọ.

Àwọn fóòmàn kọ ìwé orúkọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àwọn mẹ́rìnlá tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B nìkan ni ẹ̀rí wà fún. Ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn yòókù di ohun tí fóòmàn bá rántí. Fóòmàn tó wà lórí Ebrima rántí pé ọdún mẹ́ta ló ti ṣe. Ó tún rántí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ ìyẹn, pé Ebrima ti jẹ́rìí ta ko òun nígbà tí ẹrù fọ́ ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀.

Ebrima wá sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ó ní kí wọ́n pe Simbiat. Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù.

"Sọ fún wọn," ó ní. "Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. O mọ̀ ọ́n."

Simbiat bá a lọ sọ́dọ̀ máníjà. Ó dúró níwájú tábìlì, ó sì pe orúkọ tó rántí, pẹ̀lú ọdún, láìwo ìwé kankan. Sanneh Ebrima, oṣù kẹta, 1952. Sowe. Touray. Mọ́kànlélógójì ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù nínú irinwó ó lé méjìlá nìyẹn. Máníjà tẹ́tí títí ó fi parí. Kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ohun tó wà nínú orí rẹ kì í ṣe ìwé, ọmọbìnrin," ó ní. "Bí mo bá gba mọ́kànlélógójì, kí ni mà á sọ fún àwọn tí o kò rántí?"

Simbiat àti Ebrima jáde.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, Ebrima dá aṣọ iṣẹ́ padà. Kò lè san owó ilé ní Portuguese Town mọ́, ó kó lọ sọ́dọ̀ Haddy ọmọ rẹ̀ ní Bundung, tó jìnnà sí èbúté, sínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún. Wàsíù gbé àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà lọ kí i. Ebrima gbà á, ó dúpẹ́, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Kò ní kí ó jókòó. Wàsíù dúró nínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà sí ọjà.

Dúrójayé fẹ̀yìn tì lọ́dún náà, ó padà sí Abẹ́òkúta. Simbiat lọ sin ín dé èbúté, ó kúnlẹ̀ fún un bíi ti àtẹ̀yìnwá. Dúrójayé gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà gígùn.

Láti oṣù kẹrin ọdún 1978, ìṣù àwo di mẹ́rin. Ìkẹrin ń gbé ní báńkì. Ó ní ìwé kan tí ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, orúkọ Simbiat ló sì wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè kọ̀ kí wọ́n má gbé e.